Orúkọ àdúgbò àti òpópónà tó ti ìgbà òyìnbó wá ní Ifẹ̀ àti Iléṣà: ẹ jẹ́ ká kó ìtàn wọn jọ

ỌmọÌrẹ́mọ kọ pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa fẹ́ ri bọ́ọ̀dù orúkọ mọ́ gbogbo ìkóríta láti Mayfair títí dé Lágeré. Owó ti wà nílẹ̀, a ti rí ẹni tí yóò kọ ọ́. Ìbéèrè kan ló dá wa dúró. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn onílé dìde ní ìpàdé, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ta ni Mayfair?" Bàbá kan ní ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan ni. Òmíràn ní míṣọ́nnárì ni. Ẹnìkẹta ní ìyàwó gómìnà ni. Gbogbo wọn ló fọwọ́ sọ̀yà.

Mayfair kì í ṣe ènìyàn. Hòtẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ Mayfair ni gbogbo agbègbè náà ti gba orúkọ, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn èrò máa ń sọ fún awakọ̀ pé kó já àwọn sí. Hòtẹ́ẹ̀lì náà sì gba orúkọ tirẹ̀ lára àdúgbò àwọn olówó kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Àdúgbò Lọ́ńdọ́ọ̀nù yẹn náà gba tirẹ̀ lára ọjà ọdọọdún kan tí wọ́n máa ń ná níbẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún, láti ọdún 1686 títí wọ́n fi fòpin sí i ní 1764. Ọjà tí wọ́n ti tú ká láti ìgbà náà lọ́hùn-ún ni à ń dárúkọ lójoojúmọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, a ò sì mọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ orísun orúkọ kan tí àsìkò òyìnbó fi sílẹ̀ ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà kọ ọ́ síbí. Èrò tèmi ni pé bọ́ọ̀dù tó ní orúkọ láìní ìtàn kò ṣe iṣẹ́ tán. Mo fẹ́ kí ìlà méjì tàbí mẹ́ta wà lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ tó bá ń lọ sílé ẹ̀kọ́ lè kà á.

ÀgbàOlùkọ́ kọ pé:

O ṣé, àbúrò. Iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mo fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀, ìbéèrè ọmọ yẹn sì dùn mọ́ mi nínú.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ nìyí: orúkọ òyìnbó tó wà lójú pópó wa kò rí bíi ti Èkó. Oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú. Láti ìgbà náà ni gómìnà ti ń jókòó síbẹ̀, tó ń pàṣẹ fúnra rẹ̀, tó ń la ọ̀nà, tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀ sórí ohun tó bá kọ́. Ẹ wo Moloney Street, ẹ wo Afárá Carter, ẹ wo Bourdillon Road ní Ìkòyí. Ẹni tó bá to orúkọ òpópónà Èkó tẹ̀léra, díẹ̀ ló kù kó to orúkọ gbogbo àwọn gómìnà tán.

Ifẹ̀ àti Iléṣà kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ Ọ̀yọ́ Province ni àwọn ìlú méjèèjì wà. Nípasẹ̀ ọba àti ìjòyè ni òyìnbó fi ń ṣàkóso, àwọn òyìnbó fúnra wọn kò sì pọ̀ láàárín ìlú. Àwọn ìjòyè àdúgbò ló ni àdúgbò. Ní Iléṣà, Léjọfì ló ni Ìjọ́fì. Kò sí ajẹ́lẹ̀ tí yóò dé lọ́sàn-án kan kó ní kí Ìjọ́fì máa jẹ́ orúkọ òun. Ní Ifẹ̀, Ìrẹ́mọ, Ìlódè, Ìlárè, Òkèrèwè àti Mòòrè ti wà kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà Ifẹ̀.

Mo dárúkọ Mòòrè nítorí pé ó máa ń bí mi nínú. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sórí bọ́ọ̀dù láìsí àmì ohùn, ni àwọn àlejò á bá máa pè é bí ẹni pe orúkọ bàbá òyìnbó kan. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mòòrè jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn àdúgbò ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ifẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ bọ́ọ̀dù tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i. Ìyẹn nìkan á ti gba orúkọ kan padà láìsí pé ẹnikẹ́ni pààrọ̀ ohunkóhun.

Ọlọ́kadàLágeré kọ pé:

Ẹ̀yin bàbá, ẹ kú làákàyè. Ní tiwa tí à ń gbé èrò, orúkọ tó wà lórí bọ́ọ̀dù kọ́ là ń lò. "Gbé mi dé Mayfair", "já mi sí Sábó", "Ẹnuwá ni mò ń lọ". Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sí èrò tó pe òpópónà kan ní orúkọ káńsù fún mi rí. Bí ẹ bá kọ orúkọ tuntun síbẹ̀, àwọn èrò á ṣì máa pe ti àtijọ́.

ÌyáẸrẹ́jà kọ pé:

Ẹ kúulé o. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Iléṣà.

Orúkọ òyìnbó tó gbòòrò jù ní Iléṣà ni Wesley. Bí aláìsàn bá wà, "ẹ gbé e lọ sí Wesley" ni. Bí ènìyàn bá fẹ́ júwe ilé, "tí o bá ti kọjá Wesley" ni. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ni à ń sọ, tí àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Wesley Guild jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ló ń dá owó tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà ró. John Wesley tó ni orúkọ gan-an kú ní 1791, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà rí.

Àmọ́ mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ yẹn ní orúkọ amúnisìn lásán. Ilé ìwòsàn yẹn ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ láti ọdún 1956 títí di 1961. Láti ibẹ̀ ló ti ń lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, tí wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ kéékèèké lóṣooṣù, tí wọ́n sì ń fi àmì sórí káàdì tí ìyá ọmọ á mú lọ sílé. Káàdì ìwọ̀n ọmọ tí ẹ̀ ń rí ní gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba lónìí, ibí ló ti gbèrú kó tó tàn ká ayé. Àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà tó ń pọn ọmọ wá lọ́sàn-án gangan ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Bí a bá fẹ́ kọ ìlà mẹ́ta sábẹ́ Wesley, ó di dandan kí ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ìyá yẹn.

Ọ̀rọ̀ mi kejì ló wà lọ́kàn mi jù, Ògèdèǹgbé Agbógungbórò. Gbogbo yín mọ̀ pé òun ni olórí ogun Èkìtìparapọ̀ nínú ogun Kírìjí, ogun tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lé lórí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Nígbà tí òyìnbó wọlé pátápátá, Captain Bower tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ ní Ìbàdàn mú Ògèdèǹgbé ní 1894, ó sì lé e lọ sí Ìwó. Ẹni tí ogun kò rí mú, òyìnbó kan ló fi ọlọ́pàá mú un. Ó padà wálé, ó jẹ Ọbańlá, ó sì kú ní 1910.

Bower yìí kan náà ló yìnbọn ńlá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1895.

Ẹ lọ wo Ìbàdàn lónìí. Ilé gogoro tó wà lórí Òkè Ààrẹ, Bower's Tower ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ wo ìlú láti òkè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Ta ló sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n fi ilé yẹn rántí ló mú Ògèdèǹgbé, tó sì ba Ọ̀yọ́ jẹ́? Ní Iléṣà tiwa, ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ló ń jẹ́ Ògèdèǹgbé. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n títí di òní, tí mo bá ń kọjá lábẹ́ Òkè Ààrẹ, ara mi máa ń gbóná.

SábóNiIléMi kọ pé:

Mo kí gbogbo yín. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ní Sábó. Bàbá bàbá mi ló kó màlúù wá láti apá Kánò, tó ń ra obì padà lọ. Èdè méjì ni mo fi dàgbà.

Ẹ̀yin èèyàn wa máa ń rò pé Sábó jẹ́ orúkọ tí àwọn Hausa fi sọ ara wọn. Èdè Hausa ni, lóòótọ́: Sabon Gari, ìyẹn ìlú tuntun. Àmọ́ ètò ìjọba òyìnbó ló sọ ọ́ di orúkọ àdúgbò káàkiri Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Hausa, òyìnbó kò fẹ́ kí àwọn àlejò láti gúúsù máa gbé láàárín ìlú tó ní ògiri, ló bá ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi. Nítorí náà, ní Kánò, àwọn Yorùbá àti Ìgbò ló ń gbé Sabon Gari. Títí dòní, Abeokuta Road wà ní Sabon Gari Kánò. Nígbà tí ètò náà dé ilẹ̀ Yorùbá, ó yí padà: àwọn Hausa ni àlejò, àwọn ni wọ́n ya ilẹ̀ fún. Ní Ìbàdàn, 1916 ni wọ́n dá Sábó sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ náà ń tàn láti ìlú dé ìlú.

Ẹ rí i pé ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí bàbá bàbá tèmi níbí àti sí àwọn bàbá yín tó lọ ṣòwò ní Kánò. Wọ́n fi ilà kan pààlà fún àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá ń kọ ìtàn Sábó sórí bọ́ọ̀dù, ẹ má kọ "àdúgbò àwọn Hausa" nìkan. Ẹ kọ ẹni tó pààlà náà.

ÀgbàOlùkọ́ kọ pé:

Ọmọ mi, Ọlọ́run á wo ẹ́ dàgbà fún mi. Ohun tó o kọ yìí pé.

Kí n fi díẹ̀ kún un. Bí wọ́n ṣe ya àlejò dúdú sọ́tọ̀, wọ́n ya ara wọn náà sọ́tọ̀. Nínú ètò Lugard, ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó 440 yáàdì ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ibi tí òyìnbó ń gbé àti ibi tí ọmọ ilẹ̀ ń gbé, wọ́n ní nítorí ibà. Òfin ìlú tí wọ́n ṣe ní 1917 ló fìdí ètò náà múlẹ̀. Ibi tí wọ́n ń pè ní European Reservation nígbà náà ló di GRA. Àwọn olówó wa ń dunnú láti kọ GRA sí àdírẹ́sì wọn, wọn ò sì rántí pé bàbá wọn kò lè sùn síbẹ̀ mọ́jú àfi tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ òyìnbó.

IfẹNíÈkó kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Èkó ni mo ń gbé, ọmọ Ìlódè ni mí.

Mo mọ orúkọ kan ní Èkó tí ìtàn rẹ̀ kan Ifẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. MacGregor Canal, omi tí wọ́n gbẹ́ sáàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí, tí wọ́n ti dí púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí, Gómìnà William MacGregor ni wọ́n fi pè é. Dókítà ni, ibà ló ń bá jà, ìdí nìyẹn tó fi ń gbẹ́ omi àbàtà kúrò. MacGregor yìí náà ló ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìn-ín-ní ní 1903 pé kó wá sí Èkó, kó wá sọ bóyá ọba kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí adé. Kò sí Ọọ̀ni tó kúrò nílé rí ṣáájú ìgbà náà. Gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, nígbà tí Ọọ̀ni jáde, àwọn ọba Yorùbá mìíràn kúrò lórí ìtẹ́ wọn títí ó fi padà. Gómìnà òyìnbó ló wá ìdájọ́ wá sí ọ̀dọ̀ Ifẹ̀. Èyí tó dùn mí níbẹ̀ ni pé wọ́n fi orúkọ gómìnà pe omi Èkó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ kò ní gbọ́ orúkọ Olúbùṣe.

Nítorí náà, èmi ní tèmi, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ wọn. Èkó ti ṣe é. Kingsway Road ní Ìkòyí ti di Alfred Rewane Road. Queen's Drive ti di Oyinkan Abayomi Drive, ìyá tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin sílẹ̀ ní 1944. Wọ́n yọ ọba àti ayaba òyìnbó, wọ́n fi ọmọ wa síbẹ̀. Kí ló dé tí Mayfair kò lè di òpópónà Olúbùṣe?

SófẹyọÌjẹ̀ṣà kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi náà. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mò ń ṣe.

Orúkọ tí òyìnbó fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà wa jù, kò ní orúkọ òyìnbó kankan nínú. Ọ̀nà Ìbàdàn, ọ̀nà Oǹdó, ọ̀nà Ẹdẹ ní Ifẹ̀. Ọ̀nà Òṣogbo, ọ̀nà Àkúrẹ́, ọ̀nà Ifẹ̀ ní Iléṣà. Ẹ ti rò ó wò rí? Ìlú tí kò sí lára wa la fi ń pe ọ̀nà tó wà láàárín ìlú wa.

Réluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Kò yà sí Ifẹ̀, kò sì dé Iléṣà. Nítorí náà ni Station Road fi wà ní Òṣogbo, tí kò sì sí lọ́dọ̀ wa. Ọ̀nà ọkọ̀ ni tiwa, kókó àti èso ọ̀pẹ ni wọ́n sì fi ń kó lọ pàdé réluwé. Ẹni tó ń ya máàpù nígbà náà á fa ìlà méjì, á dé etí ìwé, á kọ síbẹ̀ pé "To Ibadan". Mo ní ẹ̀dà irú ìwé bẹ́ẹ̀ níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí: ààlà ilẹ̀ wà ní pupa, àwọn òkúta ààlà ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọfà tó ń tọ́ka àríwá wà lókè, ọ̀nà ńlá sì jáde lápá òsì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Ohun tí wọ́n kọ láti júwe ọ̀nà ló di orúkọ. Ojú ẹni tó fẹ́ kó ẹrù jáde nínú ìlú ni wọ́n fi wo ìlú náà. Àwọn bàbá wa tó ń gbé inú rẹ̀ ní orúkọ tiwọn fún ọ̀nà wọ̀nyẹn, láti orí oríta dé oríta, láti ẹnu géètì odi ìlú títí dé ọjà.

Ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ wá ńkọ́? Ìwé ilẹ̀ àwọn èèyàn wà lórí orúkọ wọ̀nyí. Bí ẹ bá sọ ọ̀nà Ìbàdàn di òmíràn lónìí, ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ lọ́la á ní láti lọ búra ní kóòtù pé ibì kan náà ni. Àwọn opó tí wọ́n ń bá jà lórí ilẹ̀ ọkọ ni ìyà rẹ̀ á kọ́kọ́ jẹ. Mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

BàbáPósítì kọ pé:

Òótọ́ ni sófẹyọ sọ. Mo pín lẹ́tà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Agbo ilé la fi ń wá ènìyàn. Lẹ́tà á dé láti Gánà tàbí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á kọ orúkọ, wọ́n á kọ agbo ilé, wọ́n á kọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó sún mọ́ ọn, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ "Ile-Ife". Kò ní nọ́ńbà, kò ní òpópónà, ó sì ń dé ọwọ́ ẹni tó ni í. Ìgbà tí káńsù bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà sára ilé, tí wọ́n ń sọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní "Street", ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù, nítorí pé onílé kò mọ orúkọ tí wọ́n fún ẹnu ọ̀nà òun.

Ẹ kọ orúkọ agbo ilé sórí bọ́ọ̀dù náà. Ìyẹn ló jẹ mí lógún.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀ kọ pé:

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mo wà, mo sì ní nǹkan kan láti fi kún un.

Ẹ ò tí ì sọ̀rọ̀ nípa àwọn orúkọ tí a fi dá òyìnbó lóhùn. Nínú ọgbà wa, ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ kan ń jẹ́ Angola, òmíràn ń jẹ́ Mozambique. Àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì ló gbé ìbọn ko àwọn Potogí, tí wọ́n sì gba òmìnira ní 1975, Mozambique ní oṣù Kẹfà, Angola ní oṣù Kọkànlá. Ẹni tó bá wọ yàrá rẹ̀ ní Angola Hall ń wọ ilé tó ń sọ pé a wà pẹ̀lú àwọn tó ń jà. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni Moremi àti Fájuyì wà, ọ̀gágun tí wọ́n pa ní oṣù Keje ọdún 1966 nítorí pé kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Fájuyì náà ní òpópónà nínú ìlú.

Òpópónà Adérẹ̀mí náà wà. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí gun orí ìtẹ́ ní 1930, nígbà tí òyìnbó ṣì ń pàṣẹ. Ó dá Oduduwa College sílẹ̀ ní 1932, ó sì di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn ní 1960, ọmọ ilẹ̀ tó jókòó sórí àga tí òyìnbó nìkan ń jókòó lé tẹ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ lójú títì Ifẹ̀ jẹ́ ìtàn àsìkò òyìnbó bí Mayfair ṣe jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ ló jẹ́.

Nítorí náà, èmi ò rò pé ó yẹ ká pín orúkọ sí tiwọn àti tiwa kí a tó kọ̀tàn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn wà lórí bọ́ọ̀dù.

IfẹNíÈkó kọ pé:

Àbúrò, o sọ̀rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀dù bá gbé orúkọ Bower sókè tó sì kọ ìwà rẹ̀ sábẹ́ ní lẹ́tà kéékèèké, ta ló máa ń ka lẹ́tà kéékèèké? Orúkọ tó wà lókè ló ń bọlá fún ènìyàn. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi fún irú ti Bower.

ÌyáẸrẹ́jà kọ pé:

Lórí ti Bower, ọwọ́ mi wà nínú ọwọ́ rẹ. Bí ó bá jẹ́ pé Iléṣà ló wà ni, mi ò bá ti dé ààfin lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó fi ìbọn wọlé àti hòtẹ́ẹ̀lì tó yá orúkọ. Ìyàtọ̀ wà láàárín òun àti ilé ìwòsàn. Bá a bá da gbogbo wọn pọ̀, a ò ní mọ èyí tó yẹ ká bínú sí.

SábóNiIléMi kọ pé:

Ẹ ṣé, Ìyá. Ó yẹ kí n sọ èyí náà: bí wọ́n bá pààrọ̀ orúkọ Sábó, inú àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ kò ní dùn. Òyìnbó ló pààlà, ṣùgbọ́n àwa la gbé inú rẹ̀, la bímọ síbẹ̀, la sin òkú wa síbẹ̀. Ó ti di tiwa.

ỌmọÌrẹ́mọ kọ pé:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn onílé lálẹ́ àná. A fẹnu kò pé a ò ní pààrọ̀ orúkọ kankan lọ́wọ́ wa, nítorí ìwé ilẹ̀, àmọ́ ìtàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ní lẹ́tà tí ọmọdé lè kà láti ẹ̀bá ọ̀nà. Ohun tí mo kọ fún ẹni tó ń kun bọ́ọ̀dù nìyí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

*MAYFAIR. Àdúgbò yìí gba orúkọ lára hòtẹ́ẹ̀lì, hòtẹ́ẹ̀lì gba tirẹ̀ lára àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Kì í ṣe orúkọ ènìyàn.*

*ỌNA IBADAN. Àwọn tó ya máàpù nígbà ìjọba òyìnbó ló sọ ọ̀nà yìí lórúkọ ìlú tó ń lọ.*

*SABO. Ìjọba òyìnbó ya àdúgbò sọ́tọ̀ fún àlejò: fún Hausa nílẹ̀ Yorùbá, fún Yorùbá nílẹ̀ Hausa. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ló ni ín lónìí.*

ÀgbàOlùkọ́ kọ pé:

Ó dára púpọ̀. Àmì ohùn tó wà lórí ìtàn kò sí lórí orúkọ. Fi wọ́n sí i: Ọ̀NÀ ÌBÀDÀN, SÁBÓ. Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Mòòrè, kí tiwọn ní tirẹ̀.

BàbáPósítì kọ pé:

Agbo ilé ńkọ́?

ỌmọÌrẹ́mọ kọ pé:

Ó máa wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù, Bàbá. Àyè kò tó níwájú, ṣùgbọ́n a ti ní kí ẹni tó ń kun ún kọ orúkọ àwọn agbo ilé tó yí ìkóríta kọ̀ọ̀kan ká sí ẹ̀yìn rẹ̀, ní kíkún. Ẹ bá mi to ti apá Ìrẹ́mọ, bí ẹ ṣe máa ń pín lẹ́tà wọn, láti ilé Ọbalùfẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ọjọ́rú ni mo fẹ́ fún un.

BàbáPósítì kọ pé:

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa dé ọwọ́ rẹ.